Orí Keje: Ibi tí Irin, Wúrà àti Afẹ́fẹ́ ti Wá

Ní Ìsúndúnrìn, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀jìgbò, irin yíyọ́ jẹ́ iṣẹ́ àwọn àgbà àtijọ́. Wọ́n á wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọ́n á kó o pẹ̀lú èédú sínú ìléru alámọ̀, iná á sì jó títí ìdàrọ́ yóò fi yà kúrò lára irin. Ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ ti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ jáde láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ kẹ́mísírì á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìléru náà: gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tó ti ara èédú jáde ló gba ọ́ksíjìn lọ́wọ́ òkúta, irin wá ṣẹ́kù. Irin ti wà nínú òkúta náà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìléru tú u sílẹ̀ ni, kò dá a.

Kò sí iná láyé tó lè dá átọ́ọ̀mù irin kan ṣoṣo. Ta ló wá dá èyí tó wà nínú yangí wa, tó mú kí ilẹ̀ Ẹ̀jìgbò títí dé Ìfẹ́-Ọdán pupa bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni orí yìí fẹ́ dáhùn, a ó sì fi méjì kún un: ibi tí wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti wá, àti ibi tí gáàsì tó yí ayé ká ti wá.

1. Bí a ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀

Kò sẹ́ni tó dé ìdí ìràwọ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ibẹ̀ wá bá wa. Bí a bá gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá nínú gíláàsì onígun mẹ́ta, á fọ́n sí àwọ̀ òṣùmàrè. Bí irinṣẹ́ náà bá dára tó, a ó rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín láàárín àwọ̀ wọ̀nyẹn. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ìlà tirẹ̀, kì í sì í bá òmíràn pààrọ̀ wọn. Lọ́dún 1868, wọ́n rí ìlà kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí kò bá ti èròjà kankan mu nígbà náà. Wọ́n sọ èròjà aláìmọ̀ náà ní hílíọ̀mù. Ó di ọdún 1895 kí William Ramsay tó rí i nílẹ̀ ayé.

Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀ tó bú gbàù. Òun kan náà ni sátẹ́láìtì fi ń wọn gáàsì tó ń jáde lẹ́nu òkè ayọnáyèéfín. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú orí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mìíràn yóò pín wọn sí orí tó jìnnà síra.

2. Ìràwọ̀ tó bú gbàù

Inú oòrùn wa gbóná tó mílíọ̀nù 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ìgbóná yìí ni háídírójìn ti ń para pọ̀ di hílíọ̀mù, agbára tó ń tú jáde lára ìparapọ̀ náà ló ń mú ooru àti ìmọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn kò wúwo tó láti kọjá kábọ́ọ̀nù àti ọ́ksíjìn. Ìràwọ̀ tó bá tó ìlọ́po 8 oòrùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló lè máa bá iṣẹ́ lọ títí sílíkọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yóò fi di irin. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń gòkè ni ó ń yára sí i: háídírójìn á gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, sílíkọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn kì í ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ.

Irin ni iṣẹ́ ti ń dúró. Èròjà tó fúyẹ́ ju irin lọ máa ń tú agbára sílẹ̀ bó bá para pọ̀. Irin ń gba agbára ni. Nígbà tí irin tó gbá jọ sí àárín ìràwọ̀ bá ti wúwo ju nǹkan bí 1.4 oòrùn lọ, kò sí ohun tó tún lè gbé e dúró. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti ya lulẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ohun tó wà lókè rẹ̀ á já lé e, á ta padà, àwọn nútírínò (ohun tíntìntín tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwúwo) á sì tì í síta pẹ̀lú agbára ńlá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìràwọ̀ náà ti sè láti mílíọ̀nù ọdún wá á fọ́n káàkiri ojú ọ̀run.

Ọ̀nà kejì wà tí ìràwọ̀ fi ń bú. Ìràwọ̀ kékeré tó ti kú, èyí tí kábọ́ọ̀nù àti ọ́ksíjìn kún inú rẹ̀, lè máa fa gáàsì ara ìràwọ̀ èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan kan kò sì ní ṣẹ́kù. Irú èyí kì í pa irin mọ́ sínú. Nínú irin tó wà láyé yìí, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n yọ́ ní Ìsúndúnrìn, àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló gba ọ̀nà kejì yìí wá.

Ìràwọ̀ kan wà tí ọmọ Ẹ̀jìgbò lè fojú ara rẹ̀ wò, tó ti sún mọ́ ikú àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé. Betelgeuse ni orúkọ rẹ̀. Ní àárín oṣù kejì ọdún, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, jáde síta kí o gbójú sókè gan-an. Ìràwọ̀ pupa tí o rí lókè àtàrí rẹ ni. Ìlà 7.9 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Ẹ̀jìgbò wà, ìràwọ̀ yìí sì ń gba orí ìlà 7.4 kọjá, ìyẹn ni pé àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ògangan orí wa kò ju fífẹ̀ òṣùpá kan lọ. Èkó àti Kánò kò rí i lókè tààrà bẹ́ẹ̀. Láti ìparí ọdún 2019 dé oṣù kejì ọdún 2020, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí kò fi tó ìdajì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì rò pé àkókò ti tó. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ó pọ gáàsì jáde ni, gáàsì náà tutù di eruku, eruku sì bo apá kan ojú rẹ̀. Yóò bú lọ́jọ́ kan. Ó lè jẹ́ ọdún 100,000 sí i.

Ọ̀kan lára àwọn tó ti bú tí a sì fi ẹ̀rọ òde òní wò ni SN 1987A. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1987, ọjọ́ Mọ́ńdè, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 35 ní aago Nàìjíríà, àwọn àgbá omi ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Japan àti Amẹ́ríkà, àti irinṣẹ́ kan ní Rọ́ṣíà, ká nútírínò bíi mẹ́rìnlélógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ mìíràn tí kò níye gba ara gbogbo ènìyàn ayé kọjá, ti ọmọ ilé ìwé tó ń tò lórí ìlà ní Ẹ̀jìgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ tẹ̀lé wọn ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ian Shelton ló kọ́kọ́ rí i lórí àwòrán ní Las Campanas ní Chile. Ìràwọ̀ náà wà nínú àgbájọ ìràwọ̀ kékeré kan tó bá tiwa rìn, ìrìn nǹkan bí 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, apá gúúsù ló wà, kò sì gòkè ju ìwọ̀n 13 lọ lórí ilẹ̀, ibi tí eruku ọyẹ́ ti máa ń nípọn jù. Bí ẹni kan bá wò ó lágbègbè yìí nígbà náà tí kò rí i, ojú rẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀.

Ohun tí SN 1987A fi kọ́ wa nípa irin ṣe kedere. Ìbúgbàù náà kì í dá irin tààrà, níkẹ́lì-56 ló ń dá. Ní ọjọ́ 6, ìdajì níkẹ́lì náà á ti di kóbáàtì-56. Ní ọjọ́ 77, ìdajì kóbáàtì á ti di irin-56. Nígbà tí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ SN 1987A láti oṣù dé oṣù, ìwọ̀n tó fi ń ṣá gan-an ni ìwọ̀n tí kóbáàtì fi ń di irin, wọ́n sì ka ìtànṣán kóbáàtì náà fúnra rẹ̀. Irin tó jáde tó ìpín 0.07 nínú ìwúwo oòrùn. Ṣírò rẹ̀: oòrùn wúwo tó ìlọ́po 333,000 ayé, nítorí náà irin tí ìràwọ̀ kan ṣoṣo yìí dá ju ìlọ́po 20,000 ayé wa lọ.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò jìnnà. Irin-60 kì í ṣe irin lásán: láàárín ọdún mílíọ̀nù 2.6, ìdajì rẹ̀ á ti yí padà. Èyí tó bá wà nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ ti tán pátápátá. Síbẹ̀ wọ́n rí i nínú èèpá òkúta ìsàlẹ̀ òkun Pacific. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìràwọ̀ ti bú nítòsí wa láàárín mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, eruku rẹ̀ sì bọ́ sílé ayé. Kò sí ìdí tí kò fi ní bọ́ sórí ilẹ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n òjò ti fọ̀ ọ́ lọ, ìsàlẹ̀ òkun ló dákẹ́ tó láti tọ́jú rẹ̀.

3. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí irin tó ya lulẹ̀ sí àárín ìràwọ̀ náà? Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ inú purótọ́ọ̀nù, wọ́n sì di nútírọ́ọ̀nù. Ohun tó ṣẹ́kù wúwo ju oòrùn lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì kò ju ọ̀nà Ẹ̀jìgbò sí Ẹdẹ lọ, nǹkan bíi kìlómítà 24. Òòfà rẹ̀ lágbára, ó sì ń yí kíákíá.

Walter Baade àti Fritz Zwicky ti dábàá lọ́dún 1934 pé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wà, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí James Chadwick rí nútírọ́ọ̀nù. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó rí i. Ní ọdún 1967 ni Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, rí àmì kékeré kan lórí bébà gígùn tí ẹ̀rọ rédíò rẹ̀ ń fa ìlà sí. Àmì náà ń padà wá ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.337, láìyẹ̀. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù tó ń yí ló ń ju ìtànṣán rédíò rẹ̀ kọjá lójú wa. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1974 lọ sọ́dọ̀ Antony Hewish, ọ̀gá rẹ̀, àti Martin Ryle. Orúkọ Bell kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka èyí sí àìtọ́. Èmi náà wà lára wọn. Lọ́dún 1968, wọ́n rí òmíràn tó ń yí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní àárín èéfín ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí tó bú lọ́dún 1054. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Baade àti Zwicky ṣe dúró. Ti SN 1987A pẹ́ kí ó tó yọjú: lọ́dún 2024 ni awò awọ̀nàjíjìn James Webb rí àmì pé ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù wà nínú òun náà.

Ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò mọ ọ̀nà Abidjan ju ọ̀nà Àbújá lọ: Kútọnu, Lomé, Accra, títí dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti gba Accra kọjá ti sún mọ́ irinṣẹ́ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ Bell. Ní Kuntunse, lẹ́yìn ìlú Accra, àwo ńlá kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbé ìpè tẹlifóònù gba orí sátẹ́láìtì. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Ghana àti ti South Africa sọ ọ́ di awò rédíò. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2017, ó sì ti gbọ́ ìró ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù.

4. Wúrà

Irin ni òpin iṣẹ́ inú ìràwọ̀, wúrà sì wúwo ju irin lọ fíìfíì. Kí átọ́ọ̀mù tó lè di wúrà, àfi kí nútírọ́ọ̀nù máa rọ́ lù ú lọ́pọ̀ yanturu, kíákíá, kí ó tó ráyè yí padà. Ibo ni nútírọ́ọ̀nù ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú 41 ọ̀sán ní aago wa. Ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà àti Virgo ní Ítálì gbọ́ ìgbì agbára ìfàmọ́ra láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì tó ń yí ara wọn ká títí wọ́n fi kọlu ara wọn, ní nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtànṣán gáńmà dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, awò awọ̀nàjíjìn ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nínú àgbájọ ìràwọ̀ NGC 4993. Ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ búlúù lákọ̀ọ́kọ́, ó sì pupa láàárín ọjọ́ díẹ̀, bó ṣe yẹ kí ó rí bí èròjà wíwúwo bá kún inú rẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019, wọ́n ka ìlà strontium nínú rẹ̀. Kíyè sí i pé ìlà wúrà fúnra rẹ̀ kò tíì hàn. Àwọn ìlà èròjà wíwúwo pọ̀, wọ́n sì dà pọ̀ mọ́ra. Ìṣirò ló sọ pé níbi tí strontium bá ti jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀, wúrà yóò wà níbẹ̀. Lọ́dún 2025, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tí òòfà rẹ̀ lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lè ju irú èròjà bẹ́ẹ̀ síta nígbà tó bá ta iná ńlá, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2004. Iye tí ọ̀nà yìí pèsè lè tó ìdá kan sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Wúrà Ìjẹ̀ṣà wá ńkọ́? Nígbà tí ayé ṣì jẹ́ òkúta yíyọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wúrà bá irin rì sí àárín gbùngbùn ayé. Díẹ̀ ló kù lókè, òun náà sì fọ́n káàkiri. Ohun tó kó o jọ sójú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni omi gbígbóná tó ń gba àárín òkúta kọjá ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńlá ń fún ara wọn mọ́lẹ̀. Gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì àti gáàsì imí ọjọ́ wà nínú omi náà. Imí ọjọ́ ló di wúrà mú tí omi fi rí i gbé. Níbi tí òkúta bá ti là tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sì dín kù, gáàsì á sá kúrò nínú omi, wúrà á sì jókòó sínú òkúta funfun. Ibi ìwakùsà Segilola, tó yọ wúrà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 2021, wà lórí irú òkúta bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó gbé wúrà yìí ni yóò gbé wa lọ sí apá tó kàn.

5. Gáàsì láti inú ilẹ̀

Lẹ́nu òkè ayọnáyèéfín, omi gbígbóná tó ti di afẹ́fẹ́ ló ń pọ̀ jù, kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì àti sọ́lfà dayọ́ksáìdì á tẹ̀ lé e. Láti irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ayé ìgbà ìwáṣẹ̀ ti jáde. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú omi ló kọ́kọ́ fi ọ́ksíjìn kún un lẹ́yìn náà, kí ewéko tó dé. Ẹ̀jìgbò kò ní òkè ayọnáyèéfín, òkúta wa ti gbó jù fún un. Àwọn tó sún mọ́ wa jù tó ṣì ń mí wà ní Cameroon.

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, adágún Nyos ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Cameroon tu gáàsì jáde. Kò sí iná, kò sí òkúta gbígbóná. Kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì wúwo tó ìlọ́po 1.5 afẹ́fẹ́, nítorí náà ó fà mọ́ ilẹ̀, ó gba àfonífojì lọ sí Nyos, Cha àti Subum, ó sì dé ibi tó tó kìlómítà 25. Nǹkan bí ènìyàn 1,700 àti ẹran ọ̀sìn 3,500 kú, ọ̀pọ̀ wọn lójú oorun. Ọdún méjì ṣáájú, adágún Monoun ní orílẹ̀-èdè kan náà ti pa ènìyàn 37.

Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ohun tó fà á. Haroun Tazieff àti àwọn tó bá a fẹnu kò sọ pé òkè ayọnáyèéfín ló bú lábẹ́ omi. Àwọn mìíràn, George Kling lára wọn, ní gáàsì ti ń rọra wọ ìsàlẹ̀ adágún láti inú ilẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ìwúwo omi tó lé ní mítà 200 ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ohun kan fi da omi náà rú. Ìpàdé ńlá wáyé ní Yaoundé lọ́dún 1987 lórí rẹ̀. Omi ló dá ẹjọ́ náà: ìsàlẹ̀ adágún kò gbóná bó ṣe yẹ kí ó gbóná bí iná bá bú níbẹ̀, imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, wọ́n ń wọn gáàsì tó ń kó jọ padà. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ri ọ̀pá gígùn sínú adágún náà, kí omi ìsàlẹ̀ lè máa tú gáàsì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà, torí pé òkúta tó sé adágún yẹn kò le púpọ̀; bó bá ya, ọ̀nà odò Katsina-Ala ni omi rẹ̀ yóò gbà wọlé títí dé Ìpínlẹ̀ Benue.

Sọ́lfà dayọ́ksáìdì kì í pani báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gùn. Bó bá gòkè kọjá ibi tí òjò ń dé, ó ń di ẹ̀kán asídì kéékèèké tó ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Òkè Pinatubo ní Philippines fi bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 15 sí 20 ránṣẹ́ sókè lọ́dún 1991, ayé sì tutù ní nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Celsius. Ti El Chichón ní Mexico, lọ́dún 1982, ló kàn wá jù. Irinṣẹ́ kan lórí sátẹ́láìtì Nimbus-7, tí wọ́n ṣe láti máa wọn gáàsì ozone, ṣèèṣì ka àmì gáàsì náà nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń padà láti ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n wọn gáàsì òkè ayọnáyèéfín láti ojú ọ̀run. Lọ́dún 2013, Jim Haywood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Met Office ti Britain fi hàn pé nínú ọdún mẹ́rin tí òjò Sahel (ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara) dín kù jù láti 1900 dé 2010, mẹ́ta tẹ̀lé ìbúgbàù òkè ayọnáyèéfín ńlá ní apá àríwá ayé, ti El Chichón wà lára wọn. Eruku asídì náà mú àríwá tutù ju gúúsù lọ, ìgbànú òjò sì sún sí gúúsù. El Niño (ìgbóná omi òkun Pacific tó máa ń yí òjò padà) tó lágbára wà lásìkò El Chichón pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ẹni tó di gbogbo ẹ̀bi ọ̀dá tó tẹ̀ lé e ru El Chichón. Sahel ni ìwádìí yẹn dá lé, kì í ṣe Ẹ̀jìgbò. Ṣùgbọ́n ìgbànú òjò kan náà ni àgbẹ̀ Ìláwọ̀ ń retí kí ó tó gbin àgbàdo.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan bá ń ti ara kóbáàtì-56 nìkan wá, ìdá mélòó ló máa kù lẹ́yìn ọjọ́ 77, ọjọ́ 154 àti ọjọ́ 231? Fa àwòrán rẹ̀.

2. Fi òòfà kékeré wọ́ inú eruku yangí gbígbẹ. Kó ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn jọ sórí bébà, kí o sì fi awò wò ó. Kí nìdí tí gbogbo irin inú yangí kò fi lẹ̀ mọ́ òòfà?

3. Ní alẹ́ kan tí ọyẹ́ kò pọ̀ nínú oṣù kejì, wá Betelgeuse, kí o fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká. Tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ ohun tó lè mú kí ìdáhùn rẹ yàtọ̀ láìjẹ́ pé ìràwọ̀ náà yí padà.

4. Ní Nyos, àwọn tó wà lórí òkè yè, àwọn tó wà ní àfonífojì kú. Lo ìwúwo gáàsì láti ṣàlàyé rẹ̀.